Ìdí Tí Ẹwàolúwa Fi Ń Kọjú sí Dígí

Tí ẹ bá gba iwájú géètì Yunifásítì wọ Agbowó, kí ẹ tó dé ibi tí àwọn ọkọ̀ Míkírà ti ń pe èrò Ṣàngó, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ṣọ́ọ̀bù Láwùmí nìyẹn. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi tí mò ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Ògiri kan ló là wá láàárín. Tí ẹ̀rọ mi bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Tí mo bá sì pa á, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọkọ ọlọ́kọ ni mò ń gbọ́ láìyọjú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ ara wa. Láwùmí yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣe ohun ńlá kan láyé. Ó ń dirun ni.

Ìjerò Èkìtì ló ti wá. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Bódìjà ló ti kọ́ṣẹ́, ó ṣe fírídọ́ọ̀mù, ó ní òun ń padà sílé, ó wá pàdé Gbádérọ̀ tó ń wa Míkírà láti Agbowó sí Dùgbẹ̀, ọ̀rọ̀ àtipadà sílé bá parí síbẹ̀. Láwùmí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn. Kì í sọ̀rọ̀. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu, torí mi ò tíì rí onídìrí tí kì í sọ̀rọ̀ rí. Oníbàárà lè máa ròyìn ohun tí ìyá ọkọ fojú ẹ̀ rí láti àárọ̀, Láwùmí á kàn máa ní "ẹ̀hẹ́n, ẹ̀hẹ́n" títí irun á fi parí.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ ti Láwùmí ni Sìlífátù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni Sìlífátù, ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà-Ọba, ó sanra, ó lẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àtàárọ̀ ló ti máa ń fẹ́ fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu Láwùmí. Lọ́jọ́ kan báyìí tí ṣọ́ọ̀bù kún, ó ní, "Ará òkè, ṣé wọ́n tiẹ̀ ń dirun ní Ìjerò yín ni, àbí ẹ kàn ń fi gèlè bò ó mọ́lẹ̀?"

Láwùmí ò gbójú sókè. Ó ní, "À ń dì í. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n dì la máa ń kó wá s'Íbàdàn."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Sìlífátù fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí òòyà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídìrí á mọ̀ pé onídìrí kì í sábà dirun ọmọ ara rẹ̀. Ọmọ máa ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ju bó ṣe ń ké lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ, ìyá náà á sì máa fi òòyà kàn án lórí pé kó dákẹ́. Nítorí náà wọ́n máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Láwùmí ló ń di irun àwọn ọmọ Sìlífátù, Sìlífátù ló ń di ti Ẹwàolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Láwùmí bí. Láti ọjọ́ tí irun Ẹwà ti tó ohun tí ọwọ́ lè dì mú, ọwọ́ Sìlífátù ló wà.

Ẹwà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ohun kan ṣoṣo tó bà á nínú jẹ́ lára mi ni ẹ̀rọ mi. Bí mo bá ti di okùn ẹ̀rọ mú báyìí, kí n tiẹ̀ tó fà á, Ẹwà á ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, á lọ ki orí bọ àárín itan Sìlífátù. Tí mo bá pa á, á yọjú, ọwọ́ á ṣì wà létí. Á ní, "Màmá Ata, ó ti tán?" Èmi á ní ó ti tán. Ìgbà náà ni á tó tú etí sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni. Àwọn oníbàárà máa ń dúró wò ó.

Ìgbà òjò, ọ̀fìnkìn mú gbogbo ọmọ tó wà ládùúgbò. Ti Ẹwà bọ́ sí etí. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń fa etí ọ̀tún, ó ń sunkún, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n rí ọyún lórí ìrọ̀rí. Bí ọyún ti jáde ni ìrora lọ. Láwùmí ra òògùn ní kẹ́místì, ó lò ó fún un, ó gbẹ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ irú rẹ̀. Ta ni ò rí ọmọ tí ọyún ń jáde létí rí? Gbogbo ẹni tó bá jókòó dirun ló ní èyí tó mọ̀. Èyí ní kí wọ́n ro àdí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Òmíràn ní kí wọ́n fún ọmú sí i, ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ nínú wọn sì fún un sí i níbẹ̀ gan-an. Ẹnì kan tú kápúsù, ó ní kí wọ́n da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ihò etí. Láwùmí ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní "ẹ̀hẹ́n," ó sì ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni àǹtí tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ránṣẹ́ pè é pé etí Ẹwà ń rùn, àwọn ọmọ yòókù ò fẹ́ jókòó tì í mọ́. Ó dun Láwùmí. Láti ọjọ́ náà, kó tó gbé ọmọ náà lọ láràárọ̀, á wé òwú kẹ́místì, á fi dí etí náà pinpin. Tó bá dé lọ́sàn-án, á yọ ọ́, á jù ú nù, á wé òmíràn. Ó pẹ́ tó ń ṣe é. Ìgbà tó yá, òwú ń jáde láìní nǹkan kan lára. Ó mú ọ̀kan wá hàn mí lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyá Tómi, ẹ wò ó. Ó ti gbẹ."

Òwú náà funfun. Mo ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Sìlífátù náà ní alihamdulilahi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kangun sí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Áńgílíkà ni wọ́n, àwọn ọmọdé á sì gbé èso lọ síwájú pẹpẹ. Láwùmí fẹ́ kí wọ́n kó irun Ẹwà, irun kíkó ti ayé àtijọ́, kí wọ́n gbé e sókè bí adé. Lọ́jọ́ Sátidé, Sìlífátù jókòó, ó fi ọmọ náà sáàárín ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dúdú kó o láti ẹ̀bá etí lọ sókè. Ẹwà ké. Kì í ké lọ́wọ́ Sìlífátù. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé sílẹ̀ tó ń gbé padà sí ẹ̀yìn etí. Sìlífátù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní jẹ́lé-ó-sinmi ti sọ ọmọ òun di ẹlẹgẹ́, ó fún un ní bisikíìtì, ó kó o parí. Irun náà dára. Mo rí i. Ó dára gan-an.

Ẹwà ò gbé èso kankan dé iwájú pẹpẹ, ibà ti mú un kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ̀yìn etí ọ̀tún ti wú, ó pọ́n, ó ń dán.

Gbogbo wa la mọ̀ pé irun tó bá le máa ń yọ kókó sí èèyàn lẹ́yìn etí àti ní ìpàkọ́. Láwùmí ti rí i lórí oníbàárà láìmọye ìgbà. Wọ́n á tú irun náà, kókó á wọlẹ̀ lọ. Òun ni mo fi sọ pé ẹni tí kì í ṣe onídìrí ì bá ti gbé ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ohun tí onídìrí mọ̀ ló rí. Ó wo ẹ̀yìn etí ọmọ rẹ̀, ó wo òwú tó fà á sókè, ó wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Sìlífátù, ọwọ́ ẹ le."

Sìlífátù rò pé eré ni. Ó ní, "Ọwọ́ yìí kan náà ló ń ṣe é látìgbà tó ti nírun."

"Wá wo ohun tó ṣe."

Sìlífátù wá wò ó. Mo pa ẹ̀rọ mi. Mo gbọ́ tó ń bẹ̀bẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tó ní òun ò fà á ju bó ṣe yẹ lọ. Láwùmí ò pariwo. Ó ní kó má fọwọ́ kan orí ọmọ òun mọ́. Ó wá ní kíkọ́ tí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, wọn ò kọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn ló burú jù, torí Láwùmí sọ ọ́ lójú oníbàárà. Sìlífátù kó òòyà rẹ̀, ó kó ìjókòó rẹ̀ kékeré, ó lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti wà lọ́dọ̀ onídìrí kan lápá Bódìjà.

Láwùmí fi bíléèdì gé òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi òrí pa ẹ̀yìn etí, ó fi omi gbígbóná jó o, ó ń retí pé kó wọlẹ̀ bí ti àwọn yòókù. Kò wọlẹ̀. Ó tún wú sí i ni, títí etí náà fi ń yọ síwájú, bí ẹni pé ọwọ́ kan ń tì í láti ẹ̀yìn. Mo ní kó gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ní ẹ̀hẹ́n, kí n jẹ́ kí ibi tí irun fà náà kọ́kọ́ rọlẹ̀ ná. Ó wé gèlè kékeré mọ́ ọmọ náà lórí, kò sì jẹ́ kó jáde síta. Mo mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n. Onídìrí tí irun ba orí ọmọ tirẹ̀ jẹ́, ta ni á gbé orí fún un?

Ọjọ́bọ̀ ni. Mò ń lọ ata fún obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo rí Láwùmí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé Ẹwà mọ́ra, ẹnu rẹ̀ ń mì ṣùgbọ́n mi ò gbọ́. Mo pa ẹ̀rọ. Ó ní ọmọ náà ti ń bì láti àárọ̀, òun fẹ́ fún un ní ògì, ọrùn rẹ̀ ò tẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọrùn náà. Ó le gan gan.

A pe Gbádérọ̀ lórí fóònù, ó já èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó dé. Mo bá wọn wọ Míkírà, mo fi ata ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Gìrì mú Ẹwà lọ́nà. Láwùmí dì í mú, kò sunkún, ó ń wo ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀.

Dókítà tó gbà wá ní ọsibítù jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́, wọ́n fi omi sí i lára, kó tó béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Láwùmí bẹ̀rẹ̀ láti orí irun. Ó sọ gbogbo rẹ̀: òwú dúdú, ìkórè, ọwọ́ Sìlífátù. Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá béèrè bóyá etí náà ti yọ ọyún rí. A ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ.

Ó ní, "Mọ́mì, kò gbẹ. Ọ̀nà àtijáde ọyún ló dí. Ó ti wọ inú egungun tó wà lẹ́yìn etí, ó jọ pé ó ti dé ara awọ tó bo ọpọlọ."

Láwùmí ní, "Ṣé kì í ṣe irun?"

"Kì í ṣe irun, mà."

Ó mi orí, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé òjò ti dá.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi lẹ́yìn ọmọ náà wò. Wọ́n fá ààbọ̀ orí rẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn etí, wọ́n fọ ọyún kúrò nínú egungun. Ó sùn lọ bẹ́ẹ̀, a ò mọ̀ bóyá á jí. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ la fi jókòó síbẹ̀, èmi ń lọ, mò ń bọ̀, òun ò kúrò. Tí mo bá wo ọwọ́ rẹ̀, etí ìborùn rẹ̀ ló máa ń dì, fọ́nrán òwú mẹ́ta mẹ́ta, á dì í dópin, á tú u, á tún dì í.

Ẹnì kan ti sọ fún Sìlífátù. Ó dé pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, ó jókòó sí òdìkejì Láwùmí. Ó gbé kúlà náà lé itan. Láwùmí ní, "Wọ́n ní kì í ṣe irun."

Sìlífátù ní, "Mo gbọ́."

Ó ṣí kúlà, ó bu oúnjẹ sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e fún un. Láwùmí jẹ ẹ́.

Ẹwà jí. Inú wa dùn, mo rò pé inú wa dùn. Ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ranlẹ̀, tó bá dìde á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ jẹ́ kó máa lọ sílé, dókítà ní kí wọ́n gbé e padà wá kí àwọn lè fi ẹ̀rọ yẹ etí rẹ̀ wò, pé irú àìsàn yìí máa ń mú etí lọ nígbà mìíràn, kì í sì í ṣe etí ẹyọ kan. Láwùmí ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Tí mo bá béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, á ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ sinmi ọsibítù ná.

Nílé, wọ́n á pe Ẹwà, kò ní dáhùn. Láwùmí ní ó ń bínú sí àwọn nítorí abẹ́rẹ́ tí àwọn jẹ́ kí wọ́n gún un. Gbádérọ̀ ní agídí ìyá rẹ̀ ló gbé wọ̀. Tí wọ́n bá lọ síwájú rẹ̀, ó ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gba ohun tí wọ́n bá nà sí i. Láwùmí á ní, "Ẹ ò rí i? Kò sí nǹkan tó ṣe é." Ó tún ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú un dání.

Èmi ò tíì fa ẹ̀rọ mi láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Àárọ̀ yẹn, mo ní fánbẹ́lìtì ló já. Kò já. Ṣùgbọ́n obìnrin olóúnjẹ dé pẹ̀lú bàsíà tòmátò, ó ní ata tí mo bà jẹ́ fún òun nígbà yẹn, òun ò sọ nǹkan kan sí i, kí n jọ̀wọ́ lọ tòní. Ẹwà wà níta, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń to ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí etí gọ́tà. Mo di okùn mú. Mo wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Láwùmí dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì orí dídì, ìdajì títú. Òun náà ń wo ọmọ náà.

Mo fa okùn. Ẹ̀rọ bú. Ẹyẹ tó wà lórí páànù fò lọ. Ẹwà mú ìdérí kan, ó fi lé orí èkejì.

Mo pa á.

Láwùmí ní, "Ẹ tún un fà."

Mo fà á. Ẹwà ń to ìdérí rẹ̀.

"Ẹ pa á. Ẹ tún un fà."

Obìnrin olóúnjẹ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni. Mo tún un fà. Ìdérí kan yí lọ, Ẹwà yí padà láti mú un, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára okùn tó wà lọ́wọ́ mi. Kíá ló fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ lọ ki orí bọ ibi tó ti máa ń kì í bọ̀, Sìlífátù ò sí níbẹ̀, ó bá dúró láàárín ilé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ létí.

Mo pa ẹ̀rọ. Kò tú etí sílẹ̀. Kò mọ̀ pé mo ti pa á. Ọwọ́ mi ló ń wò.

Láwùmí padà sẹ́nu iṣẹ́, ó di orí oníbàárà yẹn parí. Mo lọ wò ó nígbà tó ṣe tán. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló tọ́. Ó wá fọ ọwọ́, ó pe Gbádérọ̀ lórí fóònù, ó ní kó wá gbé àwọn lọ yẹ etí wò. Ó tún pe Sìlífátù. Mo gbọ́ ohun tó sọ fún un, torí ẹ̀rọ mi ò ṣiṣẹ́. Ó ní, "Wá gbé àga ẹ padà síbí. Ọmọ ẹ ń wá ẹ."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Etí ọ̀tún ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ti òsì ń gbọ́ díẹ̀, tí wọ́n bá fi ohun tó ń gbé ohùn sókè sí i. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, ó dà bí ìgbín kékeré lẹ́yìn etí rẹ̀, ó máa ń yọ ọ́ jù sílẹ̀, wọ́n á tún fi sí i.

Irun rẹ̀ ti hù dé ibi tí wọ́n fá. Sìlífátù ló ń dì í. Tẹ́lẹ̀, ọmọ á jókòó kọjú sí ọ̀nà, kó lè máa wo àwọn tó ń kọjá, tí wọ́n bá ní kó tẹrí, á tẹrí. Nísinsìnyí, wọ́n ti gbé ìjókòó rẹ̀ síwájú dígí ńlá ara ògiri, torí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tó bá rí ẹnu onítọ̀hún. Sìlífátù á wo inú dígí, á ní, "Tẹrí," á sì tẹ orí tirẹ̀ kí Ẹwà lè rí i. Ẹwà á tẹrí. Tí òòyà bá dé ẹ̀yìn etí ọ̀tún, níbi tí ojú abẹ wà, ọwọ́ Sìlífátù máa ń dẹ̀, kì í dì í le. Irun ẹ̀gbẹ́ yẹn kì í pẹ́ tú. Kò sẹ́ni tó ń bá a wí.

Láwùmí ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Dókítà ló ní kí wọ́n máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Bó ti ń di orí oníbàárà ló ń sọ ọ́, ó kọjú sí dígí, ó ń la ẹnu gbòòrò: èyí ni òòyà, èyí ni òwú, àǹtí yìí ń lọ sí ibi ìgbéyàwó. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ rò pé àwọn ló ń bá wí.

Èmi náà, tí mo bá ti pa ẹ̀rọ, mo máa ń yọjú sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹwà á wà níbẹ̀, ọwọ́ létí. Á rí mi nínú dígí, á ní, "Màmá Ata, ó ti tán?" Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀. Mo máa ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó rí i pé mi ò di okùn mú.